Ohùn Chinyere Lórí Síídì

Ọjọ́ Sátidé ni Nusirat rí i pé téèpù tó fi gba orin Chinyere sílẹ̀ ti ń kú lọ. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ kó lè fetí sí orin kẹta, àfi bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Nígbà tó fi òwú nu ojú irin tó máa ń ka ohùn, eruku pupa rúsúrúsú ló bá lára òwú náà. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ara téèpù ló ń ṣí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì yí i, díẹ̀ nínú ohùn tó wà lórí rẹ̀ ń bá eruku lọ. Ó pa ẹ̀rọ náà.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló fi ṣe sitúdíò. Bàbá náà, awakọ̀ akẹ́rù tó wá láti Ìsẹ́yìn, ló kọ́ ilé yẹn kó tó kú. Oríṣiríṣi èèyàn ni Nusirat ti gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, oníwákà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń fi Pidgin kọrin. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti Chinyere. Orin mẹ́jọ ni ọmọbìnrin náà ti kọ sórí téèpù yẹn kí nǹkan kan tó wú sí i lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa yọ ọ́. Ó sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé á tún lè kọrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè rárá títí di ọjọ́ yẹn.

Ohun tó wà lórí téèpù nìkan ló wá kù.

Téèpù náà lè rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni Nusirat gbọ́dọ̀ fi po ohùn, gìtá àti ìlù pọ̀, kó sì gba àpòpọ̀ náà sórí nǹkan tí kò ní ṣá. Kásẹ́ẹ̀tì tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe é, torí ariwo ṣíì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á bo ibi tí Chinyere ti ń mí. Kò ní kọ̀ǹpútà. Rìkọ́dà síídì tó dá dúró fúnra rẹ̀ ló ń wá, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn so tààrà mọ́ míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Àjàmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, mú un lọ sọ́dọ̀ Martins, oníṣòwò kan tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wharf Road. Rìkọ́dà méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, rìmóòtù rẹ̀ wà nínú páálí. Ìkejì tóbi gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan ha á lára káàkiri, ẹnì kan sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ohun tó ti ilé-iṣẹ́ rédíò kan jáde.

"Kí lo tún ń wò?" Àjàmú bi í. "Mú èyí tó jẹ́ tuntun, ká máa lọ."

Ká sòótọ́, ojú Nusirat náà wà lára tuntun yẹn. Ó rọrùn lójú, ó sì mọ ibi tó máa gbé e sí lórí tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí páálí náà wò, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé síídì òfìfo tí wọ́n ṣe fún orin nìkan ni kí wọ́n fi sí i. Síídì òfìfo tó wà nínú báàgì rẹ̀, ti àwọn oníkọ̀ǹpútà ni.

"Ọ̀gá Martins, mo fẹ́ fi síídì tèmi dán an wò."

"Màdáámù, tí ẹ bá ti ya ọ̀rá yẹn, tiyín ni. Síídì ni síídì, kò sí èyí tí kò ní gbà."

"Tí kò bá wá gbà á ńkọ́?"

"Ẹnì kan ń bọ̀ wá kó méjèèjì nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Àjàmú fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú ti ń bí i. "Èmi ni mo mú ẹ wá síbí o. O ò sì fẹ́ gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́."

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi. Tí mo bá gbé èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ délé, mi ò ní àyè láti padà wá. Ọ̀túnla kọ́ ni Chinyere ń wọ ọsibítù?"

Ó padà sọ́dọ̀ Martins. Ó ní èyíkéyìí tó bá gba síídì òun nínú méjèèjì lòun máa gbé lọ, ìbáà jẹ́ èyí tó burẹ́wà, òun ò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó wá ya ọ̀rá náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun gbé síídì náà mì, ó yí i, ó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú dígí rẹ̀ pé òun ò mọ síídì yìí, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Wọ́n tún fi í sí i. Ó tún pọ̀ ọ́. Martins yọ páálí náà, ó ń kà á bí ẹni pé òun kọ́ ló ń tà á.

Ti ògbólógbòó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣí. Àjàmú pòṣé. Nusirat fi ìka gbé e díẹ̀ lábẹ́, ilẹ̀kùn náà sì rọra yọ síta. Ẹ̀rọ náà gba síídì láìjanpata. Bọ́tìnnì méjì wà lójú rẹ̀ tí wọ́n ń yí, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Nígbà tí Nusirat so rédíò kékeré Martins mọ́ ọn tó sì yí wọn, àwọn iná tín-ín-rín ń gùn sókè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe fẹ́.

"Èyí ni," ó wí.

Nígbà tó fi máa san owó rẹ̀ tán, Àjàmú ti ń fi ìbínú rìn lọ níwájú.

Ọ̀sán Túsìdeè ni wọ́n ṣe é. Iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri. Chinyere wọlé pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nusirat.

"Àǹtí Nusi, ṣé téèpù yẹn máa gbé e?" Ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ.

"Má sọ̀rọ̀. Fi ìka hàn mí tí ohùn rẹ bá ti fẹ́ lọ sókè."

Ohun tó ń ba Nusirat lẹ́rù ni iná pupa tó wà lókè pátápátá nínú àwọn iná rìkọ́dà náà. Tí ohùn bá fi lè kan iná pupa lórí síídì, fífọ́ ló máa fọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tún un ṣe. Tó bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, orin á tín-ín-rín, kò ní láyọ̀. Kò sì lè fi téèpù kọ́wọ́ ná. Ó gbé ọwọ́ lé míkísà, ó tẹ rìkọ́dà, ó tú téèpù sílẹ̀.

Orin kìíní lọ. Ìkejì lọ. Ìka Chinyere ń gòkè lórí orúnkún rẹ̀ kí ohùn tó gòkè, ọwọ́ Nusirat sì ń fa bọ́tìnnì wálẹ̀ ní kíá, iná ń dé ẹnu ààlà, ó ń padà. Nígbà tí wọ́n dé ìparí orin kẹfà, òógùn ti mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dá rìkọ́dà àti téèpù dúró ní àárín orin méjì, ó nu irin, òwú mẹ́rin ló sọ di pupa, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkeje kọjá. Nínú ìkẹjọ, lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ohùn náà ń wọ̀ bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn aṣọ sọ̀rọ̀. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. Gìtá nìkan ló ṣẹ́ kù.

Nusirat fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dá rìkọ́dà dúró.

Chinyere ti dìde. "Ẹ fún mi ní máìkì. Ẹsẹ kan péré ni."

"Rárá."

"Àǹtí, na my voice. Tí wọ́n bá máa gé e, kí n lò ó tán kó tó lọ."

"Tí ọ̀fun bá ya lónìí ńkọ́? Kí ni màá wí fún màmá ẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé e."

Nusirat na ọwọ́, ó fa okùn máìkì yọ kúrò lára míkísà, ó sì jókòó lé e. Omi lé sí Chinyere lójú. Fún ìgbà díẹ̀ Nusirat rò pé ó máa jáde kó má padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní: "Oya, ẹ tì í pa."

Títì pa yìí ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn, òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn lè ka síídì náà. Tí iná bá lọ láàárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ṣègbé. Nusirat tẹ bọ́tìnnì. Kò tíì pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi ń wúkọ́. Gílóòbù orí wọn ṣú, ó mọ́, ó tún ṣú. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń sáré gba ẹ̀yìn ilé. Àjàmú ni, tí wọn ò mọ̀ pé ó ti dé, tó sì ti jókòó sí iwájú ilé láti ìgbà orin kẹta. Ó fi ọwọ́ mú irin gbígbóná tó ń pín atẹ́gùn fún jẹnẹrétọ̀, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Ariwo náà dúró déédéé. Iná kò tún ṣẹ́jú mọ́ títí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí fi jáde lójú dígí.

Nígbà tó wọlé, inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń lé. Nusirat bu omi tútù fún un. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohùn Chinyere padà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló padà sí, ó sì há díẹ̀. Ibi gíga tó máa ń dé tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Láti orí síídì yẹn ni wọ́n ti da orin náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì sì rìn kọjá ibi tí wọ́n fọkàn sí.

Ní ọjọ́ kan, Chinyere àti Nusirat lọ ra okùn iná ní Ìjọ́rà Bàdíà, nítòsí ojú irin. Orin kẹta nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ń dún nínú ìsọ̀ kan níbẹ̀. Chinyere dúró, ó gbọ́ ọ tán.

"Gìtá yẹn ti lọ sókè jù," ó wí.

"Mo mọ̀," Nusirat dá a lóhùn. "Ìka rẹ ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn."