Mọ́tò Ńlá, Ojú Kan

Ẹ má bá mi wí bí ohùn mi bá ń ga. Ẹni tí wọ́n bá ní kó panu mọ́ níwájú kántà, tó sì rí ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó pariwo díẹ̀, bóyá ara á tù ú.

Ojú Màámi kan ti kú láti ọdún tó kọjá. A rò pé ọjọ́ ogbó ni, a ní kó máa fi omi tútù bọ́ ọ. Nígbà tí èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni dókítà kan tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní omi ló pọ̀ jù nínú ẹyinjú, òun ló ń tẹ ibi tó fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù dúró. Èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí abẹ tó lè dá a padà. Dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ní agbègbè Màámi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wá sí ọsibítù ibẹ̀, á ṣe é fún àwọn tó bá ti sanwó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀. Bí Ajé yẹn bá lọ lásán, ìyá wa fọ́jú nìyẹn.

Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi wá ṣàdéhùn. Èmi aránṣọ, mo ní màá san owó ọkọ̀ òfuurufú àwa méjèèjì, mo sì san án, àpò mi gbẹ. Bọ̀ọ̀dá mi ń tún fíríìjì ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ ń mówó wọlé ju tèmi lọ, ó ní òun á san owó ojú, òun á sì háyà mọ́tò tí a máa fi gbé Màámi, torí bọ́ọ̀sì kì í dé àdúgbò ẹ̀, kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Èmi fúnra mi ni mo bá a wá mọ́tò kékeré kan lórí fóònù. Owó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú káàdì bọ̀ọ̀dá mi, owó ojú ló kù, àti owó epo, àti nǹkan díẹ̀ tí a máa jẹ. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gbàgbé o." Ó ní, "Kò sí wàhálà."

Orúkọ tí wọ́n ń pè é ládùúgbò nìyẹn, Kòsíwàhálà. Bí wọ́n bá ń dáwó, kò sí wàhálà. Bí oníbàárà bá ní ó di oṣù tó ń bọ̀ kí òun tó sanwó iṣẹ́, kò sí wàhálà. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló mọ ibi tí wàhálà náà ń sùn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀, a gbé ẹrù wa, a tò síwájú kántà àwọn tó ń fi mọ́tò háyà. Nígbà tó kàn wá, ọmọge tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa. Ó mọ́ tónítóní, ohùn ẹ̀ sì dùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn, mà." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó fajú ro díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mọ́tò kékeré tí ẹ mú, kò sí nílẹ̀ báyìí. Wọ́n ń fọ ọ̀kan lọ́wọ́, bí ẹ bá lè dúró. Àbí kí n fún yín ní ńlá? Owó ẹ̀ kàn fi díẹ̀ lé ni."

"A máa dúró," mo ní.

Ìyẹn ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ké lẹ́yìn wa pé, "Ha! Ṣé ojú mi kọ́ nìyí? Ọmọ kíláàsì mi!" Bọ̀ọ̀dá mi yíjú padà. Mọ́nítọ̀ ni.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa Mọ́nítọ̀. Òun ló ń kọ orúkọ aláriwo sílẹ̀ ní kíláàsì wọn nígbà náà, ó sì dà bíi pé orúkọ bọ̀ọ̀dá mi ò kúrò nínú ìwé yẹn títí dòní. Mọ́nítọ̀ ti kọ́lé. Mọ́nítọ̀ ti ra ilẹ̀. Mọ́nítọ̀ rán ọmọ lọ sókè òkun. Ó sì wà lẹ́yìn wa lórí ìlà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá àti bàtà táṣẹ́rẹ́ kan, ó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Bọ̀ọ̀dá mi sọ fún un pé à ń lọ sọ́dọ̀ Màámi. Kò sọ pé ojú ń pa á. Mọ́nítọ̀ ní, "Ẹ bá mi kí wọn o. Mi ò jìnnà sí ibẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà pè mí."

Ni bọ̀ọ̀dá mi bá kọjú sí kántà padà. Ẹ wò ó bó ṣe na ọrùn! Ohùn ẹ̀ pàápàá yí padà.

"Fún mi ní ńlá, ọmọ mi. Mi ò lè máa ká ẹsẹ̀ kò nínú páálí."

"Ẹ ṣeun, sà." Ọmọge ti ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. "Inṣọ́ránsì ńkọ́, sà? Ká fi èyí tó péye sí i, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

"Kò sí wàhálà."

"Ṣé àǹtí yìí náà máa wakọ̀? Owó díẹ̀ ló wà fún awakọ̀ kejì."

"Kò sí wàhálà."

"Owó pápákọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń san án. Epo ńkọ́? Bí ẹ bá san án sílẹ̀ níbí, ẹ ò ní láti rọ epo kún un kẹ́ ẹ tó dá a padà."

"Fi sí i."

Mo fa ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lẹ́yìn, kò wò mí. Mo wá yọjú sí ọmọge. "Àǹtí, ẹ dákun, iye tí mo rí lórí fóònù kọ́ nìyí. Ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta."

"Iye mọ́tò nìkan nìyẹn, mà. Kò tíì kan àwọn tó kù."

"Àwọn wo ló kù? Ṣé táyà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, àbí a máa sanwó ilẹ̀kùn ká tó wọlé?"

Ọmọge rẹ́rìn-ín. Mọ́nítọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Bọ̀ọ̀dá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gorí igi. Ìwọ dákẹ́." Èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta! Mo dákẹ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ni, ìta gbangba ni, wọn ò sì kọ́ wa nílé wa pé ká máa já ẹ̀gbọ́n síhòòhò lójú àlejò.

Ìgbà yẹn ni ọmọge dé orí èyí tó pa wá. "Ó ku owó ìdúró, sà. A ò ní ná an o. A kàn máa fọwọ́ lé e nínú káàdì yín ni. Bí ẹ bá ti dá mọ́tò padà, ó máa wọlé padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti kékeré ò tó nǹkan, ti mọ́tò ńlá ló pọ̀ díẹ̀."

Mo rí iye náà. Mo rọra fi ẹnu kan etí ẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, owó ojú Màámi ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ lé yìí. Ajé ni iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ ká dúró de kékeré."

Láàárín eyín ló ti dá mi lóhùn. "Ó ní wọn ò ní ná an. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú ọ̀rẹ́ mi ni?" Ó gbé ohùn sókè. "Kò sí wàhálà, ọmọ mi." Ó ki káàdì bọnú ẹ̀rọ, ó fọwọ́ síwèé láìkà á.

A ń kó ẹrù wa jọ nígbà tó kan Mọ́nítọ̀. Etí mi ló gbọ́ ọ. Ọmọge ní ńlá ló wà. Mọ́nítọ̀ ní òun á dúró de kékeré. Inṣọ́ránsì tó péye ńkọ́? "Mi ò fẹ́." Epo ńkọ́? "Màá rọ ọ́ fúnra mi." Awakọ̀ kejì? "Èmi mélòó lẹ rí?" Kò tijú, kò sì bínú, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ra iyọ̀. Kí a tó yẹ mọ́tò ńlá wa wò yípo tán, wọ́n ti gbé kékeré dé, èyí tí wọ́n ń fọ, omi ṣì ń kán lára ẹ̀. Mọ́tò wa gan-an nìyẹn o! Ó fọn fèrè sí wa, ó juwọ́, ó lọ. Ṣíọ̀! Gbogbo ọ̀nà ni inú fi ń bí mi. Bọ̀ọ̀dá mi tó sanwó awakọ̀ kejì ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárì lẹ́ẹ̀kan.

Láàárọ̀ Ajé, a gbé Màámi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ ọsibítù fún un, ó fi bírò fa àmì sókè ojú tí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n má baà ṣì í ṣe. Màámi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ló fẹ́ tún ojú òun ṣe.

Bọ̀ọ̀dá mi na káàdì sí obìnrin tó ń gbowó. Obìnrin náà gbìyànjú ẹ̀, ó mi orí.

"Kò gbà, sà. Owó ò tó."

"Ẹ tún un fi sí i."

Ó tún un fi sí i. Kò gbà. Bọ̀ọ̀dá mi jáde lọ pe báńkì. Báńkì ní owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn onímọ́tò ti fọwọ́ lé e, àwọn ò lè fọwọ́ kàn án. Ó pe kántà. Ọmọge olóhùn dídùn yẹn ní kó ṣe sùúrù, pé bó bá dá mọ́tò padà lónìí pàápàá, ó di ọjọ́ mélòó kan. Mo bẹ obìnrin tó ń gbowó, mo kúnlẹ̀, ó ní òfin ni, wọn kì í gbé aláìsàn wọlé kí owó tó pé. Mo pe àwọn oníbàárà mi. Èyí tó ní díẹ̀ fi díẹ̀ ránṣẹ́, kò tó nǹkan kan.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pe Mọ́nítọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kí n pè é kí n sọ pé kí ni? Ẹni tó rí mi lánàá tí mo gbé mọ́tò ńlá? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ikú ta ni?" Mi ò rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ni mọ́. "Ojú tiyín kọ́ ló fẹ́ kú, ojú Màámi ni! Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ẹ pè é, àbí kí ẹ fún mi ní fóònù yẹn!"

Ó ki fóònù sápò. Ó lọ jókòó sínú mọ́tò, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó gbé orí lé sítíárì. Mo gbá gíláàsì títí ọwọ́ fi ń ro mí. Wọ́n ń pe orúkọ nínú ọsibítù, wọ́n ń gbé àwọn èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Màámi ń bi nọ́ọ̀sì pé ṣé ó ti kan òun.

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kó tó pè é. Mọ́nítọ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ látinú fóònù: "Àti àárọ̀? Kí ló dé tí o ò pè mí láti àárọ̀? Fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́." Kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Owó wọlé kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń gbowó.

Nọ́ọ̀sì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ti ṣe tán, ó ti kó irinṣẹ́, ọkọ̀ tó gbé e ti lọ. Mo ní ìgbà wo ló tún ń bọ̀. Ó ní ó di bí oṣù mẹ́rin. Mo ní ojú ńkọ́, ṣé á dúró dè é? Nọ́ọ̀sì ò purọ́ fún mi. Ó lọ fi òwú rọra nu àmì bírò yẹn kúrò lókè ojú Màámi, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Bọ̀ọ̀dá mi ló sọ fún un pé dókítà ò ráyè. Mi ò já irọ́ ẹ̀, torí Màámi ń gbàdúrà fún un lọ́wọ́. Ó jókòó níwájú nínú mọ́tò, ó ń fọwọ́ pa àga lára, ó ní ó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, ó ní owó ọmọ òun ò ní wọ́n láé. Èmi wà lẹ́yìn, mi ò ṣe àmín.

"Mọ́tò yìí dára o," ó ní. "Dúdú ni, àbí? Mo ń wò ó láti àárọ̀, dúdú ni mo ń rí."

Funfun ni mọ́tò náà. Funfun báláú. Bọ̀ọ̀dá mi wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó nà níwájú ẹ̀ nínú oòrùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Dúdú ni."

"Ẹ ò rí i?" Màámi rẹ́rìn-ín, ó gbá a lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́. "Wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Ojú mi ṣì ń ríran."