Agbára Inú Òfìfo

Sirajudeen ti tú nọ́ọ̀tì méjì lára ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì, ó sì ti kọjú sí ẹ̀kẹta, kí Fàtímọ̀ tó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúró ná."

Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè. Kàbírù tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì náà ti dé láti Ilé-Ogbó. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń kùn níta. Bí ẹ́ńjìnì yìí bá lọ, kò sí ohun tí yóò máa yí ẹ̀rọ tí Fàtímọ̀ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ mọ́, àfi àpótí dúdú tí Sirajudeen ṣe. Ẹ̀rọ yìí ló sì ń bọ́ ilé wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Lánàá, àpótí náà tan gílóòbù kan lójú Fàtímọ̀. Sirajudeen wá ń to ọ̀rọ̀ lé e lórí: agbára àìnípẹ̀kun, ìsun ìmọ́lẹ̀ ayé tuntun. Fàtímọ̀ ní ó dáa, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnì. Ilẹ̀ mọ́ tán, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Òun kò lọ síléèwé, ṣùgbọ́n ohun tó bá dájú kì í fẹ́ ọ̀ṣọ́ púpọ̀.

"Sọ nǹkan yìí fún mi bí ẹni ń bá Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀."

Àbẹ̀ní, oníbàárà tó gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Kuta, jókòó sórí agbọ̀n tó dojú dé. "Kó sì yára," ó ní. "Ẹ̀gẹ́ tèmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ń dúdú níbẹ̀ yẹn."

Sirajudeen nu ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá mú nǹkan tutù títí tí kò fi ku ooru kankan nínú rẹ̀, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ṣì ń gbọ̀n. Inú òfìfo pàápàá ń gbọ̀n. Agbára ojú òdo nìyẹn."

"Òótọ́ ni àbí àlọ́?"

"Òótọ́ ni."

"Ta ló ti bù ú lò rí?"

Sirajudeen mi orí.

"Kò sẹ́ni tó tíì fi yí ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Omi tó ti dé ìsàlẹ̀ kòtò, níbo ni yóò tún ṣàn gbà? Bí kò bá sì ṣàn, kò lè yí nǹkan. Àwọn kan ṣì ń wá ọ̀nà. Èmi náà ń wá a."

"Gílóòbù àná ńkọ́?"

"Bátìrì ló kọ́kọ́ tàn án. Mo rò pé bí mo bá ṣe àpótí náà tóbi, yóò máa dá ṣiṣẹ́." Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Fàtímọ̀ retí pé inú yóò bí òun. Kò bí i. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Sirajudeen ti sọ láti ọjọ́ tó ti dé láti yunifásítì, èyí nìkan ni èèyàn lè fara tì.

Ó dá sípánà padà fún un. "Dè é padà."

Kàbírù fajú ro. "Àlàájà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá."

"Èmi ni. Èmi náà ló tún ní kí ẹ máa lọ. Ẹ lè bínú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."

Kàbírù fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Fàtímọ̀ sin Kàbírù sọ́nà tán tó padà wọlé, nọ́ọ̀tì ti le dan-in dan-in. Sirajudeen ti lóṣòó síwájú Àbẹ̀ní.

"Ó ń gbọ̀n, kì í sì í rẹ̀ ẹ́?" Àbẹ̀ní ń bi í. "Kò jọ ọkọ mi rárá."

Sirajudeen rẹ́rìn-ín, ó mú ègé ẹ̀gẹ́ kan, ó tún fi ṣàlàyé. Ojú rẹ̀ tàn. Fàtímọ̀ fẹ́ ní kó wá tan ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n ó dúró. Òun ló rán an níléèwé. Ó máa ń bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó yege. Ohun tó kọ́ gan-an, kò bi í rí.

Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó tì wọ́n.