Ìdánwò Oṣù Keje

Orúkọ mẹ́ta ló wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú ní àárọ̀ Ọjọ́rú náà, ti Larenz Gaither ló sì kẹ́yìn. “Ìdánwò orí” ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

“Ta ló sọ fún wọn pé orí ń dùn mí?” Larenz bèèrè, láì kọjú sí ẹnì kan pàtó.

Keontae Pope, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré nígbà tí Larenz bá ń sinmi nínú eré bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe, ń so okùn bàtà rẹ̀. “Bóyá wọ́n kàn fẹ́ wò ó bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀ ni.”

Gbogbo yàrá ìmúra rẹ́rìn-ín. Larenz ò rẹ́rìn-ín. Sefa ló ń wò.

Sefa Tagaloa, ọmọ Samoa tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ló máa ń ṣíwájú Larenz lórí pápá, tó ń ti àwọn òmìrán sọ́tùn-ún sósì kí Larenz lè rí ọ̀nà gbà. Ọdún mẹ́rin ni Larenz ti ń sáré tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀ láì bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Lónìí, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo olè.

Lóṣù Keje ọdọọdún, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń dán orí gbogbo wọn wò. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ márùn-ún síni létí, wọ́n á ní kéèyàn kà á padà. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé díẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbá wọn lórí tó bá yá, tí wọ́n sì gbàgbé lóòótọ́, èsì méjèèjì á bára mu, wọ́n á ní kí wọ́n padà sórí pápá. Larenz kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó bá níbẹ̀, òun náà ló sì kọ́ Sefa. Yàtọ̀ sí Sefa, Shalonda ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé òun náà ṣe é. Shalonda yìí náà nìkan ló mọ̀ pé láti ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lórí pápá, iná ń gún un lójú.

Oṣù méjì péré ló kù kí Larenz pé ọgbọ̀n ọdún. Arúgbó nìyẹn nínú iṣẹ́ wọn. Tí Pope bá fi lè sáré dípò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má pè é mọ́.

Nígbà ìgbáradì, Sefa ti àwọn èèyàn kúrò lápá òsì bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Larenz kọ̀, kò tẹ̀lé e. Ó yà sọ́tùn-ún, ó sì kó sọ́wọ́ àwọn mẹ́ta.

“Mo ti ṣínà fún yín, ẹ̀gbọ́n,” Sefa sọ, bó ṣe ń fà á dìde. “Kí ló dé tẹ́ ò tẹ̀lé mi?”

“Kí n tẹ̀lé ẹ lọ síbo? Sọ́dọ̀ Hollis tó ń tọ́jú wa? Ìwọ lo lọ tú àṣírí oṣù Keje.”

Sefa yọ akoto rẹ̀. “Èmi náà ṣe é. Tí mo bá tú tiyín, ṣé mi ò tú tèmi náà?”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló bí Larenz nínú. “O ti ro èsì sílẹ̀ dáadáa,” ó ní, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ó pe Shalonda lórí fóònù. “Ta lo bá sọ̀rọ̀ nípa orí mi?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Sọ́ńdè, ìwọ lo ní kí n fi sílẹ̀, pé o ti ṣe ohun tó yẹ.”

“Èmi? Mi ò sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.”

“Larenz, inú mọ́tò la wà nígbà tó o sọ ọ́. Èmi ni mò ń wà á.”

Ó pa fóònù náà. Irọ́ Shalonda tún wá pọ̀ ju ti Sefa lọ lójú rẹ̀.

Hollis, ìyá onírun funfun tó ti ń tọ́jú àwọn eléré láti ogún ọdún, ń dúró dè é nínú yàrá ìtọ́jú.

“Jókòó, ọmọ mi.”

“Mi ò jókòó, mà. Sefa ni, àbí ìyàwó mi? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi.”

“Ṣé o ṣèrú lóṣù Keje?”

“Rárá, mà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Mo ní rárá.”

Hollis mí kanlẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì mú ìwé kan fún un. “Ẹni tó kọ ọ́ ní tó o bá sẹ́, kí n fi hàn ẹ́.”

Ẹ̀yìn ìwé ètò eré ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Larenz kọ́kọ́ rí lẹ́tà G tó ní ìrù gígùn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Mississippi. Lẹ́yìn náà ló tó kà á.

“Mísì Hollis, mo ṣèrú lóṣù Keje. Wọ́n gbá mi lórí lónìí, mi ò sì rántí orúkọ ọmọ mi. Mo ní láti bi Sefa. Ẹ má jẹ́ kí n sáré ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Màá sẹ́ o. Tí mo bá sẹ́, ẹ fi ìwé yìí hàn mí. L. Gaither.”

“Abẹ́ ilẹ̀kùn mi lo tì í sí kó o tó lọ sílé,” Hollis sọ. “Mi ò wá síbí láti ọjọ́ náà, àárọ̀ yìí ni mo rí i.”

Larenz tún un kà. Kò rántí ìwé, kò rántí bírò, kò rántí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á gan-an, ìtìjú sì mú un. Ó jókòó.

“Ẹ ka ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn fún mi, mà.”

“Àkàbà. Ọsàn. Bọ́tìnnì. Odò. Ṣíbí.”

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa òjò dídì tó ń bọ̀, àti nípa eyín Imani ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà Hollis ní kó ka àwọn ọ̀rọ̀ náà padà. Lóṣù Keje, ó mọ márààrún, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi méjì pamọ́.

“Ọsàn,” ó ní. “Odò.” Ó dijú, ó wá mẹ́ta tó kù tì. “Mi ò ṣèrú o, Mísì Hollis.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi.”

Nígbà tó jáde, Sefa wà lórí àga níta, akoto lórí itan, ó ń dúró dè é.

“Èmi ni mo sọ fún wọn,” Larenz sọ. “Má bínú sí mi. Pope ló máa sáré ní Sọ́ńdè. Ṣínà fún un bó o ṣe ń ṣí i fún mi.” Ó nawọ́ sí yàrá tó ti jáde wá. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọlé lọ bá Hollis. Ní kó tún ìdánwò oṣù Keje ṣe fún ẹ, kó o sì dáhùn gbogbo rẹ̀.”

“Tí wọ́n bá wá gbá mi lórí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Wọ́n á ní kó o jókòó.”

Sefa gbé akoto rẹ̀, ó sì dìde. Larenz ṣílẹ̀kùn fún un, ó di ilẹ̀kùn náà mú títí Sefa fi wọlé.