Dálíà Tuntun Bàbá Télọ̀

"Ẹ yí ìgò yẹn sọ́dọ̀ mi díẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

Awakọ̀ rélùwéè tí wọ́n jọ ń ṣe ìdájọ́ níbi ìdíje òdòdó yí i. Òdòdó dálíà mẹ́ta ló wà nínú ìgò ọ̀hún. Wọ́n funfun bí ìwé tuntun, ẹnu awẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ àlùkò tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi òwú ṣẹ́ etí aṣọ. Kò sí orúkọ lára ìgò, àfi nọ́ńbà kan, mẹ́rìnlá, nítorí àwọn onídàájọ́ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni òdòdó tí wọ́n ń fún ní máàkì.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá Télọ̀ fi ń da irú òdòdó kan pọ̀ mọ́ òmíràn kó tó rí irú èyí, ojú nọ́ọ̀sì ló sì ṣe nígbà tó kọ́kọ́ là. Bàbá náà ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa dálíà, láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ń lọ rán aṣọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà: bí wọ́n ṣe ń hú isu tó wà ní gbòǹgbò rẹ̀ láì ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń gbé ewé sí ìmọ́lẹ̀ kí àrùn tó sá pamọ́ lè jáde.

"Èmi ti ṣe tèmi," ni awakọ̀ wí. "Méjìléláàádọ́rùn-ún. Láti àárọ̀ tí mo ti ń wo òdòdó tó dà bí ìgbálẹ̀, èyí nìkan ló jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Onídàájọ́ kẹta, dókítà ẹran kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti kọ àádọ́rùn-ún sínú ìwé tirẹ̀. Márùndínláàádọ́rùn-ún péré ni òdòdó tuntun nílò lọ́wọ́ onídàájọ́ kọ̀ọ̀kan láti gba àmì-ẹ̀yẹ. Tó bá ti gbà á, àwọn ọlọ́gbà tó ń dúró níta yóò pín isu rẹ̀ kiri, yóò sì máa jẹ́ orúkọ tí bàbá náà ti yàn fún un: Ìyàwó Télọ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, kó tó kú lọ́dún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì já ewé kan ní ìdí ọ̀pá òdòdó náà, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ìlà yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé iṣan àárín ewé náà, ó sì yà sọ́tùn-ún sósì. Ó já òmíràn. Bákan náà ni: àmì àrùn tí kò ní oògùn.

Kò yà á lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó lọ kí bàbá náà, ó ti rí irú ìlà yìí lára igi dálíà kan ṣoṣo ní ìkángun ọgbà rẹ̀. Bàbá Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá oòrùn ló pa ewé ọ̀hún. Ó mu tíì tí wọ́n gbé fún un, ó sì gba ilé lọ.

Ó na ewé náà sí àwọn méjèèjì. Awakọ̀ wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ mọ ẹni tó ni ín, àbí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé a ò lè kàn fún un ní àádọ́rin, ká má dárúkọ àrùn? Kò ní gbà á, ṣùgbọ́n ojú ò ní tì í."

"Tá ò bá dárúkọ ẹ̀, á gbé e lọ sílé, á máa gbìn ín lọ. Kòkòrò tó bá mu omi ara ẹ̀ máa gbé àrùn náà dé ọgbà tiyín."

Dókítà ẹran mi orí, ó ní òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì kọ òdo, ó kọ "àrùn" sí iwájú rẹ̀, ó bu ọwọ́ lù ú.

Bàbá Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yíjú síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ nìyẹn? Wọ́n ní ẹ ti parí."

Ó jókòó tì í. "A ti parí, bàbá. Òdòdó yín ní àrùn. Ìlà yẹ́lò wà lára ewé ẹ̀."

"Mo wo ewé yẹn láàárọ̀ yìí."

"Bàbá, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú wọn, wọ́n ń gbé ìgò òdòdó wọn lọ sílé.

"Ìyàwó mi ló máa ń bá mi wo ewé," ó wí nígbà tó yá. "Láti ìgbà tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wo gbogbo ọgbà Bàbá Télọ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Ọgọ́ta igi ló wà níbẹ̀. Àlùmọ́gàjí kan náà ni bàbá ń fi gé gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fọ̀ ọ́ lómi gbígbóná kó tó kúrò lára igi kan bọ́ sí òmíràn, bàbá kò sì rántí ìyẹn mọ́ láti ọjọ́ tó ti ń dá nìkan ṣe é.

"Mélòó ló mọ́?" ni bàbá bi í.

"Kò sí, bàbá."

"Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Ó fi ewé tó mú dání sílẹ̀. "Mo ti rí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ara igi kan ló wà nígbà yẹn. Mi ò sọ̀rọ̀."

"Igi kan."

"Inú yín ń dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín."

Bàbá náà dúró gbagidi. "Ká ní o sọ ọ́ ni, ǹ bá hú ẹyọ igi kan péré. Èmi ni mo kọ́ ẹ ní wíwò. Mi ò kọ́ ẹ ní dídákẹ́." Ó fọwọ́ wá ṣọ́bìrì rẹ̀ lára ògiri. "Máa lọ sílé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ ọ̀pá igi àkọ́kọ́ títí ó fi kan ilẹ̀, ó sì ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ó ṣì í. Ó tún kì í bọlẹ̀, ó gé isu náà sí méjì.

Nọ́ọ̀sì rìn dé ẹnu géètì. Ó dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan òkúta. Lẹ́yìn náà ó padà, ó mú ọkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi, ó lọ sí òdì kejì ọgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú igi tó wà níbẹ̀.

Bàbá Télọ̀ gbọ́ ọ. Ó dáwọ́ dúró. Kò gbé orí sókè.

"Hú u tìsutìsu," ó wí. "Má jẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́ kù sílẹ̀."