Oògùn Tó Ń Ké Mẹ̀ẹ̀

Ọkọ mi Cyriaque kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Èyí tó bá dùn mọ́ ọn létí ló ń mú. Ìyókù, èmi ìyàwó rẹ̀ ni kí n máa ṣà á nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ó wá gbéra ní Odomèta, ó lọ rí dókítà ní Kétu. Òun nìkan ló lọ. Ó ní obìnrin kì í sin akọni lọ sílé ìwòsàn. Akọni padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Wùnmí, kíndìnrín ló ń dà mí láàmú. Pùrótéìnì kan wà tó ń dáàbò bò ó. Dókítà ní tèmi ti ń tán lọ."

"Kí ló wá ní kí ẹ ṣe?"

"Ṣé o kò gbọ́ ni? Pùrótéìnì."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa pùrótéìnì nígbà tí à ń gbé ọmọ lọ wọ̀n: ẹran, ẹja, ẹyin. Ọkọ mi kò bá mi gbé ọmọ lọ wọ̀n rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn, ó há a sórí.

Bí òbúkọ ṣe di oògùn nílé wa nìyẹn. Ó ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn oúnjẹ. Séidou àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ kó dá oògùn lò. "Ẹ̀gbọ́n, àìsàn yín kò ṣe é dá gbé," ló ń wí, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le. Omi ọbẹ̀ tó wa.

Lọ́sẹ̀ kẹta, bàtà kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ wú pọ̀ọ̀. Mo sin ín lọ. Èjìká mi ni akọni fi ṣe ọ̀pá.

Dókítà wo èsì àyẹ̀wò. "Bàbá, kí lẹ ń jẹ?"

"Oògùn tí ẹ ní kí n lò ni."

"Ọ̀kan tó kù ń ké mẹ̀ẹ̀ lẹ́yìnkùlé," mo dá sí i.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní pùrótéìnì tí òun wí kì í ṣe ti inú ìkòkò. Kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí àìsàn bá mú un, èyí tó ń ṣe á máa dín kù. Kò sí lọ́jà, kò sí nílé oògùn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀ ni. Àjẹjù ẹran sì rèé, ẹrù ni lórí alárù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá, mo ní kí ẹ dín iyọ̀, kí ẹ dín ẹran, kí ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré. Bí ẹ bá tún ṣe báyìí fóṣù méjì, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ yín."

Cyriaque dákẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń retí kó dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́ tán, kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò.

Nígbà tí a délé, Séidou ti pọ́n ọ̀bẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Oògùn ti tó lò."

"Fi òbúkọ yẹn sílẹ̀," mo ní. "Òun nìkan ni kíndìnrín rẹ̀ ṣì pé lágbo ilé yìí."

Cyriaque bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó tú okùn òbúkọ, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

"Ìyá Wùnmí, tún un sọ fún mi. Gbogbo ohun tí dókítà wí. Má fo ìkankan."

Mo jókòó tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí iyọ̀.