Ìwé Tí Onígbàjámọ̀ Fà Yọ

Ilé ìtàwé náà kéré débi pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan ní láti fa ikùn sínú kí èkejì tó kọjá. Bàbá tó ni ín kì í to ìwé bí ayé ṣe ń tò ó. Ó kọ “Ti Ẹni Tí Oorun Ń Sá Fún” sára pẹpẹ kan, ó kọ “Ti Ẹni Tó Ń Bá Ìyàwó Rẹ̀ Jà” sára òmíràn. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé kan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé wọ́n ka ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè fún ẹni tó fẹ́ rà á.

“A kì í ra bàtà láìwọ̀ ọ́ wò,” ni Bàbá máa ń wí.

Àǹtí Jẹ́jẹ́, tó ń bá a tàwé, ló ń kà á. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí ẹni tó ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀ ló ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ń hó nínú rẹ̀ bí omi orí iná. Ó kọ ọ̀kan, àwọn atẹ̀wé dá a padà, wọ́n ní kó lọ kàwé sí i ná. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó ti pinnu pé bí ẹnì kan bá tún fi ìtàn òun ṣẹ̀sín, òun ò ní kọ nǹkan mọ́ láyé.

Ló bá fi èèpo ìwé àtijọ́ kan bo ìtàn tuntun tó ń kọ lọ́wọ́. Bí Bàbá bá ti ń bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn, á yára tì í sáàárín àwọn ìwé yòókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í wọlé tán ni onígbàjámọ̀ òdìkejì títì wọlé, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Ó na ọwọ́, ìwé yẹn gan-an ló fà yọ.

“Àǹtí, ẹ ka èyí fún mi. Kó má ṣe dà bíi tọjọ́sí o, tí mo ti sùn kí olú ẹ̀dá ìtàn tó jí.”

“Ìyẹn… ìyẹn ò dáa, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mú òmíràn.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá mi yan ìyàwó ni?”

“Kà á fún un,” ni Bàbá wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. “Òfin lòfin.”

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé náà. Ó ka ti obìnrin alágbàfọ̀ kan tó bá aṣọ àbúrò rẹ̀, ẹni tó ti sọ nù, pàdé nínú ẹrù àjèjì. Ó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó ń retí ẹ̀rín.

Onígbàjámọ̀ ti jókòó. “Ẹ ṣí i.”

“Ojú ewé kan lòfin wí…”

“Ẹ bá mi ṣí i jàre! Ta ló gbé aṣọ náà wá?”

Ẹnì kan pariwo láti òdìkejì títì: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀? Apá kan orí mi ló ṣẹ́kù!”

“Fi fìlà bò ó!”

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kà á títí ó fi kan ojú ewé tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

“Ó… ó tán.”

“Ó tán kẹ̀? Ta lọ̀dájú tó kọ ọ́?”

Bàbá gba ìwé náà, ó rí i pé bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó gbójú sókè wo Àǹtí Jẹ́jẹ́.

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ̀yin!” Onígbàjámọ̀ fò dìde. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń wò mí níran? Ẹ gbọ́, bí àbúrò yẹn bá ti kú, èmi pẹ̀lú yín ò sọ̀rọ̀ mọ́ o.”

Bàbá fa àga sẹ́bàá fèrèsé. “Jókòó kọ ọ́. Màá bá ọ kàwé fún àwọn oníbàárà.”

“Kò tíì kú,” ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ dáhùn, kóun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì fa bírò rẹ̀ yọ.