Ọdún Kan Tí Mo Yọ Kúrò

Ṣé ó yẹ kí n ti tà á fún un? Rárá. Rárá o. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ ra ọtí — òfin ìjọba ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káńtà mi ní ilé ìtajà yìí, gàdàgbà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń jókòó síbí, kò sí ẹni tó fi ẹ̀rín tàn mí rí. Ìyá Káàdì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, torí káàdì ìdánimọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mò ń gbọ́, inú mi sì ń dùn.

Àmọ́ ọmọ bíbí inú mi ni...

Ó gbé ìgò wáìnì kan kalẹ̀ níwájú mi, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wò wá. "Káàdì ẹ dà?" Ó mú un wá. Mo kà á bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ — ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ní mi ò lè tà á. Ẹnì kan ní, "Obìnrin yìí le o." Orí mi wú, mi ò ní purọ́.

Mẹ́tàdínlógún. Hùn. Ta ló kọ ọ́?

Èmi ni. Ọdún tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà... nígbà tára rẹ̀ yá tán, akọ̀wé ilé ìwé ní ó ti dàgbà ju kíláàsì àkọ́kọ́ lọ. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tín-ín-rín nínú bàtà tuntun. Mo bá yọ ọdún kan kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, mo lọ búra sí i ní kóòtù. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí, títí di òní — òní gan-an tó pé méjìdínlógún.

Ó sì mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un lọ́dún tó kọjá. Tó bá sọ gbólóhùn kan péré, "Màámi, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀"... ọ̀gá mi wà níbẹ̀, gbogbo wọn á gbọ́.

Kò sọ ọ́. "Ẹ má bínú, mà. Ó ku ọdún kan." Mà, bíi oníbàárà lásán. Ó gbé ìgò náà padà sórí pẹpẹ, ó yí ojú ìgò náà síwájú bí mo ṣe máa ń ṣe é, ó sì jáde.

Èmi ni wọ́n ṣì ń yìn nínú ìlà yìí. Wọn ò mọ ẹni tí ìyìn náà tọ́ sí.

Ẹlòmíì ti dé iwájú mi. Mo nawọ́, kó fún mi ní káàdì... Ọmọ mi gbà láti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀.